Nígbà tí afinimọ̀nà kò bá dá owó lé yín

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àgbádárìgì ni pé mo máa ń mú àlejò rìn ìlú. Iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Marina, ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ la ó ti lọ sí ilé àwọn Mobee, sí Vlekete tí wọ́n ti ń ta èèyàn láyé ọjọ́sí, sí ilé ẹrú Sẹ́ríkì Abass tó jẹ́ oníṣòwò ẹrú, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹ́fù, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun. Bí ilé ìwé tàbí ilé iṣẹ́ bá pè mí, a máa ń jọ sọ iye kan kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, n kì í dá owó lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa rìn, kó wá. Bí a bá parí, ohun tó bá wù ú ni yóò fi sí mi lọ́wọ́.

Ibi ohun tó bá wù ú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ àlejò pé ó máa ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á máa wo ojú ara wọn, ẹnì kan á máa fọwọ́ wá inú àpò, ẹnì kejì á ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò. Ahun kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Wọn kò mọ iye tó yẹ, wọn kò mọ ìgbà tó yẹ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ohun tí wọ́n bá mú jáde má baà dà bí ìwọ̀sí. Èmi náà ti tẹ̀lé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nílùú onílùú, èmi ni mo sì ń ṣáájú rẹ̀ nílé báyìí. Ohun tí mo rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo fẹ́ sọ.

Berlin ní Jámánì ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé, nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2004 ni irú ìrìn yìí ti gbilẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti ràn dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹ ó bá afinimọ̀nà ní gbàgede kan, tó gbé agboòrùn aláwọ̀ títàn dání kí àlejò lè rí i lókèèrè. Ẹ ó dúró tì í, ẹ ó sì bá a rìn fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà, kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà ló mú wa rìn. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ní ẹ̀gbẹ́ Ẹnubodè Brandenburg níbi tí gbogbo wa pé jọ sí, ó sọ ọ̀rọ̀ owó, kò sì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó ní kò sí owó ìwọlé nínú ìrìn náà, ó ní àwa la máa wo iṣẹ́ òun nígbẹ̀yìn ká sọ iye tó tó lójú wa, ó ní owó yẹn ni òun fi ń jẹun tí òun fi ń san owó ilé. Ó wá pa ọ̀rọ̀ náà tì. A dé ibi ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa, òkúta kọnkéré 2,711 tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀, tí wọ́n ṣí fún aráyé ní ọdún 2005. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ohun tó yẹ kó sọ, ó sì fi wá sílẹ̀ kí kálukú rìn wọ àárín òkúta lọ fúnra rẹ̀. A dé Bebelplatz, gbàgede tí àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler ti sun ìwé ní ọdún 1933. Kò sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ìgbà tí a dé ìparí, ní òpópónà kan tí kò sí ìbànújẹ́ kankan nínú rẹ̀, ló tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, tó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọn èèyàn sì ń tọ̀ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ṣe ṣe é yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Àgbádárìgì ni mo ń rò bí mo ṣe ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń lọ fún mi, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn ọ̀fẹ́, afinimọ̀nà kì í gba owó oṣù. Òun gan-an ló ń sanwó fún ilé iṣẹ́, iye kan lórí orí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e, nítorí ilé iṣẹ́ ló bá a polówó. Àwọn ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá afinimọ̀nà wá àlejò náà ń gba tiwọn lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i tí wọ́n máa ń ya fọ́tò gbogbo yín kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń fi ka orí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá rìn, tí mẹ́ta nínú wọn yọ́ lọ láìfún un ní kọ́bọ̀, àpò ara rẹ̀ ni afinimọ̀nà ti máa san owó orí àwọn mẹ́ta yẹn. Ó rìn, ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ó tún fi owó lé e. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní ti àwọn afinimọ̀nà wọ̀nyí, olóore ti pàdánù owó gidi.

Ní tèmi, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ mo ń ra dátà tí mo fi ń polówó, mo ń ra omi tí àlejò máa mu lójú ọ̀nà, mo sì ń san owó ọkọ̀ ojú omi ti ara mi ní àlọ àti àbọ̀. Gbogbo ìyẹn ti kúrò lápò mi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan owó.

Ìgbà tó yẹ ká dárúkọ owó, àti ibi tó yẹ ká ti dárúkọ rẹ̀, ló jẹ mí lógún jù.

Àgbádárìgì kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń wò kó sì máa fò fẹ̀rẹ̀ kiri. Ní ilé àwọn Mobee, ẹ ó rí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de ọrùn àti ọwọ́ èèyàn, ẹ ó sì gbé e kí ẹ lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ní ilé ẹrú Sẹ́ríkì Abass, yàrá 40 ni ìtàn sọ pé ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń kó 40 èèyàn sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á wọ inú ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, á na ọwọ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sà. Lẹ́yìn ọ̀sà ni yanrìn Gbẹ́rẹ́fù, tí ẹsẹ̀ ń rì sí, tí oòrùn ń ta sí. Ojú ọ̀nà yẹn ni kànga náà wà, èyí tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ ó wá máa gbọ́ ìró òkun kí ẹ tó rí i, títí ẹ ó fi dé ibi tí àwọn tó lọ kò ti padà bọ̀ mọ́.

Mo ti mú àwọn ọmọ Adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀. Mo ti rí obìnrin àgbàlagbà kan tó bọ́ bàtà, tó rìn lọ sétí omi, tó ń pe orúkọ àwọn ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó mọ̀ mọ. Mo ti rí ọkùnrin tó bu yanrìn sínú ọ̀rá, tó dì í mọ́ àyà. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yí padà kó bá ọwọ́ mi ní títẹ́.

Bàbá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí kì í sọ̀rọ̀ owó bí a bá ti sọdá ọ̀sà. Ọjọ́ kan ni mo bi í léèrè. Ó ní, "Ìyá mi, wọ́n ti dá iye lé èèyàn tó lórí ilẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ iye lẹ́nu wa níbí mọ́." Láti ọjọ́ náà, òfin mi nìyẹn. Ní Marina, kí a tó gbéra, ni mo ń sọ gbogbo rẹ̀: pé n kò dá owó lé yín, pé owó tí ẹ bá fún mi ni oúnjẹ mi, pé àwọn ibi tí a ń lọ ní owó ìwọlé tiwọn, pé ìgbà tí a bá padà dé etí ọ̀sà ní ẹ̀gbẹ́ ibí ni ẹ ó tó fún mi ní ohun tí ẹ bá fẹ́ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn ló kù.

Ohun tí mo sì ń bẹ ẹ̀yin àlejò ni pé kí ẹ bá wa pa á mọ́. Ọkùnrin ọlọ́lá kan ti yọ ìdì owó jáde rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń kà á lójú gbogbo èèyàn, ó fẹ́ fún èmi, ó fẹ́ fún ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, ó fẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń wòran. Inú rere ló ti ń ṣe é. Mo rọra sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i. Ẹ jẹ́ ká dé òdìkejì ná." Ó wo ojú mi, ó wo kànga, ó dá owó náà padà sápò. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún un.

Bí afinimọ̀nà yín kò bá sọ ọ̀rọ̀ owó ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bi í. Mo mọ̀ pé lójú tiwa, ó dà bí àìmọ̀wàáhù láti máa béèrè iye lórí ohun tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó gbéra, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe ń ṣe ti owó yín?" Mo ní, "Mà, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí." Mo ṣàlàyé fún un, ó sì fi ọkàn balẹ̀ gbọ́ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí kò béèrè ni mo máa ń rí tí ọkàn wọn kò sí lára ohun tí mò ń sọ mọ́ bí ìrìn bá ti ń parí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa owó ìwọlé pọ̀ mọ́ owó afinimọ̀nà. Ọ̀pọ̀ àwọn ibi tí à ń lọ ní Àgbádárìgì ló ní ẹni tó ni ín. Ìdílé ló ni òmíràn, ìjọba ló ni òmíràn, ìjọ Ọlọ́run ló ni òmíràn. Ibi tí ẹ bá ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ lẹ san án fún. Awakọ̀ ojú omi ní owó ọkọ̀ tirẹ̀. Kò sí èyí tó dé ọwọ́ mi nínú gbogbo wọn. Mo ti gbọ́ ọ rí kí àlejò sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ṣebí a ti sanwó lẹ́ẹ̀mẹta lónìí," kí wọ́n sì kọjá lára mi. Òótọ́ ló sọ, wọ́n ti sanwó lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n wọn kò tíì san ti ẹni tó bá wọn rìn.

Iye wá ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù, yúrò 5 sí 15 ni àlejò sábà máa ń fún afinimọ̀nà lórí ìrìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, yúrò 10 ni ọ̀pọ̀ sì máa ń mú. Lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni o, kì í ṣe gbogbo ìdílé lápapọ̀. Ìyẹn ni àwọn èèyàn wa máa ń ṣì ṣe: tọkọtaya pẹ̀lú àbúrò méjì yóò rìn, bàbá ilé yóò wá mú iye tó yẹ ẹnì kan jáde, yóò ní gbogbo àwọn nìyẹn. Ọmọ kékeré tí wọ́n gbé pọ̀n, kò sẹ́ni tó ń kà á. Àgbàlagbà mẹ́rin, àgbàlagbà mẹ́rin ni.

Ní Àgbádárìgì, n kò ní dá iye kan fún yín, nítorí náírà kì í dúró síbì kan. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá takú pé kí n sọ nǹkan ni pé kó wo iye tí yóò fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán tó dáa, pẹ̀lú ẹran àti ohun mímu, ní ilé oúnjẹ tó máa ń lọ. Kó fún mi ní ìyẹn bí ìrìn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo dúpẹ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ nítorí agbára kò gbé e, mo dúpẹ́ bákan náà, mi ò sì ní wò ó tìyanu-tìyanu. Oúnjẹ tí olówó ń jẹ kì í ṣe èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ, nítorí náà òṣùwọ̀n náà ń tẹ̀ fún kálukú.

Ẹ tún wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Mo dúró lórí èyí gidigidi: kì í ṣe gbogbo afinimọ̀nà ni iye kan náà yẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn ń da ọdún pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọdún 1842 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà parí kò tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀: 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí. Ọdún 1842 náà ni wọ́n wàásù ẹ̀sìn Kristi lábẹ́ igi Àgíà, igi náà sì wó ní ọdún 1959, nítorí náà bí ẹnì kan bá fi igi kan tó ṣì dúró hàn yín pé òun ni, ẹ má gbà á gbọ́. Kí èèyàn tó lè sọ nǹkan wọ̀nyí kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti jókòó ti àwọn àgbà, ó ti kàwé, ó ti gbọ́ Ègùn àti Yorùbá, ó sì ti mọ ìtàn tí ìdílé kan fẹ́ kí ó sọ àti èyí tí kò sí lẹ́nu tirẹ̀ láti sọ. Gbogbo ìyẹn lẹ ń sanwó fún. Ẹni tó bá kàn ń rìn níwájú yín tó ń tẹ fóònù, ẹ fún un ní owó omi, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Yóò dùn ún díẹ̀, yóò sì ràn án lọ́wọ́.

Owó tí kò ṣeé ná ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń fún èèyàn ní owó wẹ́wẹ́ onírin, sẹ́ǹtì àti yúrò kan-yúrò kan. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó ń ṣẹ́ owó onírin ní ìlú wa. Bí ẹ bá kó wọn fún mi, inú dúrọ́ọ̀ ni wọn yóò máa gbé. Dọ́là oníwèé kan-kan náà, owó pọ́ọ́kú ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń gbà á, bó bá sì ti ya tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí i lára, wọ́n lè máà gbà á rárá. Náírà ló dáa jù. Sẹ́fà, owó àwọn ará Benin, náà kò burú, nítorí a kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń rí ibi tí a ó ná an sí. Ẹ ṣẹ́ owó kí ẹ tó kúrò ní Èkó, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́, ẹ fi ti afinimọ̀nà sápò lọ́tọ̀ kí ẹ má baà máa yọ gbogbo owó yín síta létí ọ̀sà.

Àwọn ìrìn ọ̀fẹ́ kan wà ní ayé yìí tí ẹ kò gbọdọ̀ sanwó fún. Ní New York, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Apple Greeter. Láti ọdún 1992 ni àwọn ará ìlú ti ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ láti mú àlejò rìn àdúgbò wọn, òfin wọn sì ni pé kí àlejò má fún wọn ní tíìpù. Ní Japan, àwọn afinimọ̀nà tó ń yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń pè ní Goodwill Guide, náà kì í gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n àlejò ló ń san owó ọkọ̀ wọn àti owó ìwọlé wọn, òun náà ló sì ń san owó oúnjẹ bí wọ́n bá jọ jẹun lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ fi agídí fún irú wọn lówó ń tì wọ́n lójú ni. Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ kan náà lè túmọ̀ sí pé ẹ má mú owó jáde rárá, tàbí pé owó yín ni afinimọ̀nà gbójú lé. Kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ ju pé kí ẹ kà á níbi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè.

Bí ẹ bá máa kúrò kí ìrìn tó parí, ẹ sọ fún afinimọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí kò le. "Àǹtí, aago kan ni mo máa yà lọ o," ó ti tó. Tí aago bá lù, ẹ sún mọ́ ọn nígbà tí a bá ń ti ibì kan lọ síbòmíràn, kì í ṣe nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ dúpẹ́, ẹ fún un ní ohun tí ẹ ní fún un. Kí èèyàn máa yọ́ kúrò lẹ́yìn àwùjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dun afinimọ̀nà ju owó náà lọ. Ní Gbẹ́rẹ́fù pàápàá, mo ní láti ka èèyàn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tí mi ò bá rí, wíwá ni mo máa wá a kiri.

Ilé ìwé ńkọ́? Ilé ìwé kan kó ọmọ tó kún bọ́ọ̀sì ńlá méjì wá. A ti sọ iye kan lórí fóònù. Mo pariwo láti àárọ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tó yá, olùkọ́ tó ṣáájú wọn ní owó ìwọlé ti gbé gbogbo owó tí àwọn kó wá, pé kí n fi ṣe ti Ọlọ́run. Láti ìgbà náà, mo ń gba ìdajì kí ọjọ́ ìrìn tó pé, mo sì ń kọ iye tí àwọn ibi mìíràn ń gbà ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀, kí wọ́n lè gba owó tó pé lọ́wọ́ àwọn òbí. Mo gba gbogbo afinimọ̀nà tó bá ń kà mí nímọ̀ràn pé kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ilé ìwé tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń dùn sí i.

Àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀lé wa kiri, wọ́n á máa ní, "Ẹ fún mi lówó." Ẹ má fún wọn lówó. Àánú wọn ń ṣe èmi náà, ọmọ ìlú mi ni wọ́n, mo mọ ìyá òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá rí owó lọ́wọ́ àlejò lọ́jọ́ Ẹtì kò ní lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìlú wa yóò ṣe di ibi tí ọmọ ti ń ṣagbe lẹ́bàá òkun tí wọ́n ti kó àwọn ẹ̀yà wọn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, ẹ ra àgbọn lọ́wọ́ ìyá wọn, ẹ má bá a dúnàá-dúrà.

Ẹni tí kò ní, kó sọ pé òun kò ní. Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mi ní Marina láàárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Owó ọkọ̀ tí máa fi padà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè tẹ̀lé yín?" Mo ní kó bọ́ síwájú. Ó bá wa ru omi sọdá yanrìn, ó sì fún ìyá àgbà kan lápá tó fi ara tì títí a fi dé etí òkun. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun tó rí sórí Facebook, ó dárúkọ Sátidé wa níbẹ̀, àwọn kan sì ti ka ohun tó kọ kí wọ́n tó wá.

Fún àwọn tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n lóde, ọ̀nà yẹn nìkan ni mo fi rí nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é ní Marina kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ dúró títí yóò fi wọlé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fìgbà gbogbo dáa. Ẹ má sọ pé bí ẹ bá délé. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì sí Mile 2 gùn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agbára á mú yín, oorun á kùn yín, ọmọ á máa sunkún, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó dé ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rere ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, tí wọ́n fẹ́ ṣe é tọkàntọkàn, tí mi ò sì gbúròó wọn mọ́.